Màgòmágó ìdánwò ní fásitì àti pólì: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ń bi mí

Ó ti lé lọ́dún 14 tí mo ti ń ṣọ́ ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílẹ̀ Yorùbá níbí. Èmi náà ti jókòó sórí àga yẹn rí, mo mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ìbéèrè bá délẹ̀ tí orí sì ṣófo. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí làwọn ọmọ máa ń bi mí lẹ́yìn kíláàsì, tàwọn òbí sì máa ń bi mí lórí fóònù. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkojú náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ pé kò dára ni?

Wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ti ń ṣìnà. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ jọ, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ṣé ó dára kéèyàn jíwèé wò nínú ìdánwò, ẹ ò ní rí ẹni tó máa sọ pé ó dára. Àwọn mìíràn á tún fi Bíbélì tàbí Kùránì tì í lẹ́yìn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ ó bá ìwé pélébé nínú ìbọ̀sẹ̀ àwọn kan lára wọn.

Àwáwí ló wà láàárín ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́dún 1957, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Gresham Sykes àti David Matza, kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń rúfin. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ò bá òfin jà; ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi tu ẹ̀rí-ọkàn lójú ni wọ́n ń wá. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìdánwò mú èrò yẹn lò, ó sì bá ti akẹ́kọ̀ọ́ mu wẹ́kú. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ: "Ẹ̀bi mi kọ́, olùkọ́ ò kọ́ wa." "Ta ni mo pa lára?" "Ṣé olùkọ́ tó ń gbowó ló máa bá mi wí?" "Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣé kí n máa wò ó kó kùnà?" Lẹ́yìn náà ni bàbá gbogbo wọn: "Kò sẹ́ni tí kì í ṣe é."

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ṣọṣẹ́ jù. Donald McCabe, ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì Rutgers ní Amẹ́ríkà, fi èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀ràn yìí. Lọ́dún 1993, òun àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Linda Treviño, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000 lẹ́nu wò ní ilé-ẹ̀kọ́ 31. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe ló ń darí rẹ̀ jù lọ, ju bí ìyà ṣe le tó. Ohun tí mo ń rí níbí náà nìyẹn. Ọmọ á dé ọdún kìíní, á gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá gbójú lé ìwé kíkà nìkan, ọ̀dẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ dá ṣe ọ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fòótọ́ kọ ìdánwò pọ̀. Wọn kì í pariwo ni. Ẹni tó rí expo, ìyẹn ìbéèrè tó tú síta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ló máa ń ròyìn.

Níbo ni "expo" ti wá? Kí sì ni àwọn orúkọ yòókù?

Lọ́dún 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC tú sígboro káàkiri Nàìjíríà, àwọn èèyàn sì ń pè é ní "Expo 77". Ọdún kan náà ni FESTAC, àjọ̀dún ńlá fún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, wáyé l'Ékòó, ọdún àfihàn ni lóòótọ́. Ìdánwò yẹn ti kọjá lọ, orúkọ náà ò lọ. Ọmọ tí wọn ò tíì bí bàbá rẹ̀ nígbà yẹn ń béèrè lónìí pé, "Ṣé expo ti jáde?"

"Chips" ni ìwé kékeré tí wọ́n ń kó wọ gbọ̀ngàn. "Giraffe" ni ẹni tó ń na ọrùn. "Mercenary" ni ẹni tí wọ́n sanwó fún kó wá jókòó sórí àga olóhun. "Sorting" ni fífi owó ra máàkì lọ́wọ́ olùkọ́, "runs" sì gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹ wò ó, kò sí olè nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kò sí irọ́, kò sí èrú. Mo ti pinnu tipẹ́ pé mi ò ní fi àwọn orúkọ yẹn bá ọmọ sọ̀rọ̀ bó bá kó sí mi lọ́wọ́. Mo máa ń sọ pé, "O fi iṣẹ́ tí kì í ṣe tìẹ purọ́ fún mi." Ojú wọn máa ń yí padà. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ ọ́ báyẹn."

Ṣé àwọn ọ̀lẹ nìkan ló ń ṣe é?

Mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló yí mi lérò padà.

Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ṣí nǹkan nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbà á, bébà kan ni, wọ́n ti gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí rìbọ́n, wọ́n wá ń ká a ní ìkáléra títí tó fi kéré ju páálí ìṣáná lọ. Mo tú u lórí tábìlì. Ó gùn tó apá mi. Bírò dúdú ni wọ́n fi kọ àkọlé, pupa ni wọ́n fi kọ ìtumọ̀, lẹ́tà ibẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò sì sí ìparẹ́ kankan. Gbogbo iṣẹ́ sáà kan ló wà níbẹ̀, tò tò tò. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló fi kọ ọ́. Ó ní alẹ́ méjì. Mo yí bébà náà dojú délẹ̀, mo ní kó sọ ohun tó wà ní apá àkọ́kọ́ fún mi. Ó ń sunkún, ó ń kà á, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í sọ.

Ọmọ yẹn ti kàwé. Kò mọ̀ pé òun ti kàwé ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá gbójú lé orí ara òun, àwọn tó ní expo á fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Irú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí àròpọ̀ máàkì rẹ̀ wà ní 3.40 nínú 5.00 tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní wo ìwé òun bí kò bá ti pé 3.50, ó lè ṣe ohun tí ọ̀lẹ ò ní dán wò. Ẹ wá fi ti gbọ̀ngàn kún un, níbi tí ìdajì kíláàsì ń dúró lẹ́nu fèrèsé láti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ fi ti ìyanṣẹ́lódì kún un: lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn olùkọ́ fásitì fi wà nílé, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rọ́ iṣẹ́ sáà kan sínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mi ò fi èyí gbèjà ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ yìí, kó má fi ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" ti ilẹ̀kùn ìwádìí.

Mo kàn jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi wo iṣẹ́ mi ni. Mi ò wo ti ẹnikẹ́ni. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?

Àbúrò mi, ìbéèrè yìí wọ̀ mí lára, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọdún kejì mi ni, ìdánwò Statistics la ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan jókòó lápá ọ̀tún mi, ó ń fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì. Mo sún ìwé ìdáhùn mi sọ́tùn-ún díẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Àṣé mo ti ṣàṣìṣe ní ìbéèrè kẹta: mo kọ 0.8 síbi tó yẹ kí n kọ 0.08, mo sì fi í ṣírò dé ìsàlẹ̀. Òun náà kọ 0.8, òun náà ṣírò ọ̀hún dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé wa méjèèjì síra wọn níwájú ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó bi wá pé ta ló wo ti ta. Òdo ni wọ́n fún àwa méjèèjì, wọ́n sì ní ká lọ sinmi nílé fún sáà kan. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí sáà náà pé, èmi padà. Òun ò padà.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìdánwò yẹn, ó gbé ìwé wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi pé kí n ṣàlàyé ibẹ̀ fún òun. Mo ní ó rẹ̀ mí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ojú kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń wo ẹni tó wò àti ẹni tó jẹ́ kí wọ́n wo tòun. Ẹ máa ń sọ fún mi pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, kẹ́ ẹ kọ́ ara yín. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbé ìwé wá bá ẹ lálẹ́, tó sì rẹ̀ ẹ́, dìde.

Ṣé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é ni?

Rárá o. Lọ́dún 1964, olùwádìí kan, William Bowers, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 5,000 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì 99 ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣe irú màgòmágó kan tàbí òmíràn. Lọ́dún 2012, ní fásitì Harvard níbẹ̀ náà, wọ́n wádìí nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 125 nínú kíláàsì kan ṣoṣo, nítorí ìdánwò àṣelé tí ìdáhùn wọn jọra. Èyí tó ju ìdajì wọn lọ ni wọ́n ní kí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àwáwí tí àwọn ọmọ Harvard wí, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé Ìbàdàn ni wọ́n ti wá: olùkọ́ ò là á yé wa, gbogbo kíláàsì ló ń jọ ṣiṣẹ́.

Mo máa ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ló burú. Irọ́ ni. Ibi tá a ti yàtọ̀ ni pé níbí, òbí àti olùkọ́ náà máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tó ń gbowó ńkọ́? Ṣé ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lẹ rí?

Mo rí wọn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì ń bá wọn jókòó nínú yàrá kan náà. Olùkọ́ tó ní ẹni tí kò bá ra handout òun kò ní yege. Course rep, aṣojú kíláàsì, tó ń lọ láti àga dé àga pẹ̀lú ìwé, tó ń kọ orúkọ àti iye tẹ́nì kọ̀ọ̀kan mú wá. Ọmọ tó ka ìwé títí ojú rẹ̀ fi wọnú, tó wá rí i pé ẹni tí kò wọ kíláàsì rí ló gba A. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá sọ fún mi pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mi ò ní bá a jiyàn, torí ojú rẹ̀ ló ṣe.

Mi ò ní fi ẹnu kéré bo ẹ̀ṣẹ̀ àwa olùkọ́ rárá. Ìwádìí yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe nípa ìwà akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ò bá wo ìwà olùkọ́, ìdajì ni. Ẹni tó ń ta máàkì ló ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé, ọmọ sì máa ń tètè mọ ìyẹn ju èyí tó wà nínú ìwé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ yà sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tí olùkọ́ ń fi máàkì halẹ̀ mọ́ nítorí ara rẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ni. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ "sorting", ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ ọn. Kó pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, kó wá ẹni tó fọkàn tán, kó má dá lọ sí ọ́fíìsì ẹni náà mọ́.

Ìyà wo ló wà fún un?

Nígbà ìjọba ológun, òfin ọdún 1984 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ oníjìbìtì ìdánwò. Òfin ọdún 1999 ló rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Nínú rẹ̀, olùkọ́ tàbí olùṣọ́ ìdánwò tó bá lọ́wọ́ sí i lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 4 jura láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Nínú ọgbà fásitì, ìgbìmọ̀ ìbáwí ló sábà máa ń gbọ́ ẹjọ́: wọ́n lè fagi lé ìdánwò ẹni, wọ́n lè dá a dúró fún sáà kan tàbí ọdún kan, wọ́n sì lè lé e pátápátá. Ka ìwé òfin tí wọ́n fún ẹ nígbà tó o wọlé. Ọ̀pọ̀ yín ò ṣí i rí.

Mi ò jí ti ẹnikẹ́ni, ChatGPT ló bá mi kọ ọ́. Ṣé màgòmágó nìyẹn náà?

Láti ìparí ọdún 2022 tó ti jáde ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, mo sì gbà pé òótọ́ inú lọ̀pọ̀ ọmọ fi ń béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni, kò sí olóhun tí wọ́n jà lólè.

Ìdáhùn mi ni pé orúkọ ta lo kọ sókè bébà? Bí mo bá ní kí o kọ ojú ìwé méjì, kì í ṣe pé ojú ìwé méjì ló wọ́n mi. Mo fẹ́ rí ibi tí òye rẹ dé, kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bó o bá fi ẹ̀rọ yẹn béèrè ìtumọ̀ ohun tí kò yé ẹ, tó o sì pa á dé tó o fọwọ́ ara rẹ kọ tìẹ, mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀, àyàfi bí olùkọ́ rẹ bá ní kẹ́nikẹ́ni má lò ó. Bó o bá dà á kọ gúlúgúlú, irọ́ ni. Ó tún máa ń dá àkọlé ìwé àti orúkọ òǹkọ̀wé tí kò sí láyé sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tò wọ́n sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti kà wọ́n.

Sí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ má gbára lé ẹ̀rọ tó ń sọ pé "ẹ̀rọ ló kọ èyí". Ó máa ń fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ẹ pe ọmọ náà, ẹ ní kó ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Ríra project, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ńkọ́? Gbogbo ilé kọ̀ǹpútà ẹnu géètì ló ń tà á.

Wọ́n ń tà á lóòótọ́, orí kìíní dé ìkarùn-ún, wọ́n á kàn pa orúkọ ìlú rẹ́. Mo ti ka project kan tó ní ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Ọ́ṣun lòun ti ṣèwádìí, tí tábìlì rẹ̀ ṣì ní orúkọ ọjà Aba nínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó tà á fún ẹ ò ní wà níbẹ̀. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Òbí ni mí. Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ mi ló lọ sí "special centre", ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n lè bá ọmọ ṣe ìdánwò, fún WAEC. Ṣé kí n jẹ́ kí tèmi dá kùnà ni?

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn náà. Ọmọ tẹ́ ẹ sanwó fún ní ọmọ ọdún 16 á wọlé pẹ̀lú èsì tó dùn ún wò, á jókòó sí kíláàsì kìíní, ìṣirò tí àwọn yòókù ń ṣe kò ní yé e. Ojú á tì í láti béèrè, torí èsì rẹ̀ sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Kí ló máa ṣe? Ohun tẹ́ ẹ fi hàn án ló máa ṣe. Àti pé ó ti gbọ́ lẹ́nu yín, láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́, pé ẹ ò gbà pé ó lè dá a ṣe. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ: "Mọ́mì mi gan-an mọ̀ pé mi ò lè pàsì." Owó yẹn tó owó olùkọ́ àdáni fún oṣù díẹ̀. Kó tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ kì í ṣe ikú.

Mo rí wọn tó ń ṣe é. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sùn? Wọ́n á pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Wọ́n á pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn ẹ́. Mi ò sì ní fi ọ̀ranyàn sọ pé kí o dìde láàárín gbọ̀ngàn. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ni, tí wọ́n ń kówó jọ tàbí tí wọ́n ń gbé ẹlòmíì wá ṣe ìdánwò, wá olùkọ́ kan tó o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kó o sọ fún un ní ìdákọ́ńkọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ kan ni, òun ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìdánwò mi di ọ̀la, mi ò sì kàwé tó. Kí ni kí n ṣe?

Má wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń ta ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jẹ́ ayédèrú, á sì gba gbogbo alẹ́ rẹ. Mú ìbéèrè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wo orí tó máa ń jáde lemọ́lemọ́, yan mẹ́ta, kó o ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yé. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, 40 ni máàkì tó ń gbani là, iṣẹ́ àárín sáà sì ti fún ẹ ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Tó o bá dé ibẹ̀, èyí tó o mọ̀ jù ni kó o kọ́kọ́ kọ. Kọ ohun tó o mọ̀ nípa èyí tí kò yé ẹ tán náà. Àwa tó ń máàkì máa ń wá ibi tá a ti lè fún ọmọ ní máàkì méjì. Bó bá já sí carryover, wàá tún un ṣe. Èmi náà gbé méjì.

Pa ìwé dé kó tó di aago méjìlá òru. Fi káàdì ìdánimọ̀ àti bírò méjì sínú àpò báyìí, kó o tó sùn, kó o sì yọ gbogbo bébà yòókù kúrò níbẹ̀.